Nígbà Tí Mo Kọ Orin Pọ́ǹkì ní Èdè Ìyá Mi

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ orin pọ́ǹkì, mo rò pé rédíò ló ń bàjẹ́ lọ. Ilé ọ̀rẹ́ mi ni mo wà, nínú ọgbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ń gbé ní Ifẹ̀. Ọ̀sán ni, iná sì wà lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi ki kásẹ́ẹ̀tì kan bọ inú rédíò, ó tẹ̀ ẹ́, ó wá jókòó tì í bí ẹni tó gbé oúnjẹ síwájú àlejò, tó ń retí kí àlejò tọ́ ọ wò. Gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹ̀rọ ata tí òkúta bọ́ sí. Ìlù tẹ̀ lé e, ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan la ẹnu. Kò kọrin. Ìjà ló ń jà.

Mo ní, "Kásẹ́ẹ̀tì yìí ti wọ́."

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. "Kò wọ́. Bó ṣe rí nìyẹn."

Ó ní pọ́ǹkì ni wọ́n ń pè é. Ó ní àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń pe tiwọn ní ìndì, torí pé fúnra wọn ni wọ́n ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù wọn jáde, wọn kì í dúró de ilé iṣẹ́ ńlá kankan. Mo ń mi orí bí ẹni tó yé, àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ta ló máa fojoojúmọ́ ayé gbọ́ ariwo. Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mo dàgbà sí. Wọ́n ti kọ́ mi pé ohùn mi kò gbọdọ̀ ga ju ti ẹnìkejì lọ, pé kí n la ẹnu dáadáa, kí n sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí mo bá ń kọrin. Mo dágbére fún un, mo forí lé ilé. Ṣùgbọ́n kí n tó rìn dé Mayfair, àdúgbò wa, ohùn obìnrin yẹn ti ń lọ lórí mi, mi ò sì rí i lé kúrò.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ni nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọ̀rẹ́ mi kò tíì pẹ́ tó dé láti ìlú òyìnbó. Ìhín ni wọ́n bí i sí, àmọ́ bàbá rẹ̀ lọ kàwé lọ́hùn-ún, ó kó ìyàwó àti ọmọ dání, ibẹ̀ sì ni ọmọ ti gbọ́njú. Nígbà tí wọ́n padà dé, Yorùbá ẹnu rẹ̀ dà bí ti ẹni tó fi nǹkan gbígbóná sẹ́nu. Ìyẹn kò burú púpọ̀. Èyí tó burú ni pé èdè òyìnbó rẹ̀ pàápàá, àwọn ọmọ kíláàsì wa ní kò dára. Ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n gbé, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ ni òun náà ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ tí wọn ò wọkọ̀ òfuurufú rí á máa bá a tún un sọ, wọ́n á ní bí wọ́n ṣe ń pè é nínú rédíò kọ́ nìyẹn. Ojú a máa tì í. Ó ti ń dákẹ́ ní kíláàsì kí èmi tó di ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Èmi náà mọ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ bíbí Ifẹ̀ ni mí lọ́tùn-ún lósì. Bàbá mi ti kú. Èmi àti ìyá mi là ń gbé yàrá méjì ní Mayfair, ìyá mi sì ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní yunifásítì. Nílé, èdè Ifẹ̀ là ń sọ. Níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń sọ pé ilé, àwa á ní ulé. Iná, àwa á ní uná. Nígbà tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, níbi tí àwọn ọmọ olùkọ́ yunifásítì pọ̀ sí, mo nawọ́ lọ́jọ́ kan, mo ní mo gbàgbé ìwé mi sí ulé. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó kíláàsì. Tíṣà gan-an fi ìwé bojú. Ó pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà tí n ò lè kọjá lábẹ́ fèrèsé kíláàsì kí ẹnì kan má pariwo pé, "Ulé o!" Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu mi bí ẹni tí ń da ẹran gba ẹ̀gbẹ́ oko olóko.

Nígbà tí mo padà sílé ọ̀rẹ́ mi, èmi fúnra mi ni mo ní kó tún gbé kásẹ́ẹ̀tì yẹn sí i.

"O ní ariwo ni," ó wí.

"Gbé e sí i ná. Kí ló ń sọ gan-an?"

Ó ṣàlàyé fún mi. Obìnrin náà ń kọrin nípa ṣọ́ọ̀bù kan tó ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ó ń kọrin nípa ilé tó ń jò. Ohun tó wá mú mi jù nínú ohun tí ọ̀rẹ́ mi sọ ni pé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé ìyá obìnrin yẹn ló ṣe ń kọ ọ́. Ó ní àwọn tí ń ka ìròyìn lọ́hùn-ún kì í sọ̀rọ̀ báyẹn rárá, pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi àwọn tó ń sọ ọ́ ṣe.

"Ojú kì í tì í?" mo bi í.

"Bóyá ó ń tì í. Ó kàn ń kọ ọ́ lọ ni."

Bí orin yẹn ṣe wọ̀ mí lára nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń kọ́ jíjẹ orógbó. Ní àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ dàpọ̀ létí mi. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ gìtá tó ń dún nísàlẹ̀, èyí tó rọra ń rìn bí àgbàlagbà nígbà tí àwọn ọmọ ń sá kiri lókè. Mo gbọ́ ibi tí onílù ti ṣì í, tí wọn ò sì yọ ọ́ kúrò. Mo gbọ́ ibi tí ẹnì kan ti ń rẹ́rìn-ín kí orin tó bẹ̀rẹ̀, àti ibi tí obìnrin náà ti mí kanlẹ̀ bí ẹni tó gbé omi gun òkè. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí a bá mí báyẹn, ọ̀gá akọrin á wò wá bíi pé a yọ́ nǹkan jí. Àwọn orin náà kò gùn. Omi tí mo gbé kaná kò ní tíì hó tí èyí tó gùn jù nínú wọn á ti parí. Mo wá rí i pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń tọrọ àforíjì nínú rẹ̀, ìyẹn sì ni ohun tí mi ò gbọ́ nínú orin kankan rí.

Ọ̀rẹ́ mi ṣe ẹ̀dà kan fún mi. Nílé wa, bátìrì ni mo fi ń gbọ́ ọ. Bí bátìrì bá ti ń kú, tí obìnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohùn bí ọkùnrin, mo máa ń yọ wọ́n sá sóòrùn lójú fèrèsé kí wọ́n lè tún ní agbára díẹ̀. Mo ń fi ìtìjú gbọ́ ọ. Bí mo bá gbúròó ẹsẹ̀ lọ́nà àbáwọlé, mo ti pa á. Lọ́jọ́ kan ìyá mi tètè dé láti ibi iṣẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́.

"Ta ni wọ́n ń lù níbẹ̀ yẹn?" ó bi mí.

"Orin ni, Màámi."

"Orin?" Ó tún tẹ́tí sí i. "Kí Ọlọ́run gba onítọ̀hún o." Ó sì wọ ilé ìdáná lọ.

Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin wa kan tó wá kí mi rí kásẹ́ẹ̀tì náà, ó ní kí n gbé e sí i kí òun gbọ́. Kò jẹ́ kí ó dé ìdajì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sínú. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo rí bí àwọn méjì ṣe ń wò mí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sínú ìwé orin. Mi ò bi wọ́n ohun tí wọ́n ń sọ. Mo kàn dijú mọ́ orin tí à ń kọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì dáṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí kíláàsì, kò sí ìdánwò. Ọ̀rẹ́ mi ní gìtá kan tó gbé bọ̀ láti òkè òkun. Ó mọ ọmọkùnrin kan, ará Modákẹ́kẹ́, tó ń lu ìlù òyìnbó ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tó sì lè yá ìlù náà bí ọjọ́ ìjọsìn kò bá tíì tó. Ibi tí bàbá ọ̀rẹ́ mi ń gbé mọ́tò sí la ti ń ṣe ìdánrawò. Èmi tí mi ò mọ ohun èlò kankan lò, wọ́n ní kí n máa kọrin.

Èdè òyìnbó ni mo kọ́kọ́ fi kọ ọ́. Mo ń ránmú, mo ń ki ọ̀rọ̀ bọ ara wọn bíi ti obìnrin inú kásẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rẹ́ mi gbé ọwọ́ kúrò lára gìtá.

"Ta lò ń ṣe?" ó wí.

Mo tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo ṣì ń ránmú.

"Kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé yín."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó má dán an wò, pé mo ti jẹ ìyà ọ̀rọ̀ yẹn rí, ó sì tó mi títí ayé. Ọmọkùnrin onílù kàn ń wò wá. Ó ní èyíkéyìí tí a bá mú, kí a tètè mú un, torí òun máa dá ìlù onílù padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi ń múra ibi iṣẹ́. Ó ń wé gèlè níwájú dígí, ẹnu rẹ̀ kò sì dúró, bó ṣe máa ń rí lójoojúmọ́: ẹ̀wà ń bẹ nínú omi, kí n má gbàgbé ìkòkò, kí n ti ẹ̀yìnkùlé, uṣu wà lórí uná, kí n má fi ulé sílẹ̀. Ọdún mélòó ni mo ti ń gbọ́ ọ? Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ bí ó ṣe ń lù. Ọ̀rọ̀ kan ń gun ẹ̀yìn ìkejì, ó ń sáré, ó ń dúró gbọin, ó tún ń sáré. Obìnrin inú kásẹ́ẹ̀tì kò sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó jáde, mo jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, mo kọ ọ́ lórin bó ṣe sọ ọ́. Ègbè rẹ̀ ni: "Uṣu wà lórí uná, má fi ulé sílẹ̀!" Lọ́sàn-án, nígbà tí mo kọ ọ́ fún àwọn méjèèjì, tí ìlù àti gìtá wọ̀ ọ́, orí mi wú. Mo mọ̀ pé orin gidi ni.

Nígbà tí yunifásítì ṣí padà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àríyá kan nínú gbọ̀ngàn, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó bá mọ nǹkan ṣe lè gun orí ìtàgé. Àwọn kan jó. Àwọn kan la ẹnu tẹ̀ lé orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, àwọn èrò sì ń hó. Nígbà tó kàn wá, wáyà gìtá kọ́kọ́ han gooro, gbogbo ènìyàn di etí. Mo di máìkì mú, mo bẹ̀rẹ̀.

Mo dé "ulé" àkọ́kọ́, ìlà iwájú rẹ́rìn-ín. Mo dé èkejì, ìlà tó wà lẹ́yìn wọn gbà á. Ẹnì kan fi ohùn obìnrin arúgbó kígbe pé, "Ulé o!" Gbọ̀ngàn dàrú. Wọ́n ń bá mi kọ ègbè, àmọ́ wọ́n ń fa imú, wọ́n ń ká ẹ̀yìn kò bí ìyá arúgbó, wọ́n ń fi ọwọ́ ti ìbàdí. Èèpo ẹ̀pà bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí wa lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rù ba onílù, ó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, èmi náà ń sáré tẹ̀ lé e. Mi ò lè dúró, mi ò sì lè sá.

Ìgbà náà ni mo rí ìyá mi.

Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, nínú aṣọ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ló mú un wá. Ọmọ obìnrin yẹn wà lára àwọn tó jó. Obìnrin náà ń gbá ìyá mi léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín débi tí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. "Ẹ wo ọmọ yín! Ẹ gbọ́ ọmọ yín!" Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ láti orí ìtàgé, àmọ́ mo rí ẹnu rẹ̀. Ìyá mi náà ń rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ hàn. Àmọ́ ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mi ò mọ̀ dáadáa nígbà náà. Ní ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìyá mi ń sọ irú èdè tí à ń sọ nílé. Yorùbá tó mọ́ bíi ti inú Bíbélì ló ń sọ fún wọn, kì í sì í ṣi ọ̀rọ̀ kankan sọ. Èmi ni mo wá dúró lórí ìtàgé pẹ̀lú máìkì, tí mo sọ fún gbogbo ayé bí ìyá mi ṣe ń sọ̀rọ̀ bó bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́.

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, inú ọ̀rẹ́ mi ń dùn. Ó ní wọ́n kọ ègbè, ó ní lọ́hùn-ún bí wọ́n bá ju nǹkan lu ènìyàn, wọ́n gbádùn ẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá wọ inú rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo dé ilé, ìyá mi ti jókòó sétí ibùsùn, ó ń yọ yẹtí.

"Ẹ káalẹ́, Màámi."

"Káàbọ̀." Ó gbé yẹtí kan kalẹ̀. "Ṣé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

Mo kúnlẹ̀. "Màámi, mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dùn mọ́ mi létí ni mo ṣe kọ ọ́."

"Mo mọ̀." Ó yọ èkejì. "Àwọn ló ń rẹ́rìn-ín."

Kò bá mi wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bó ti ń wé gèlè, ó ní, "Jọ̀wọ́, má ṣe fi ilé sílẹ̀." Ilé. Mo gbójú sókè. Ó ń wo dígí. Láti ọjọ́ yẹn, Yorùbá ọ́fíìsì ló ń bá mi sọ. Iná, iṣu, ilé, gbogbo rẹ̀ gún régé. Ó ń sọ "jọ̀wọ́" fún mi, èmi ọmọ tó bí. Ó dà bíi pé mo wá tọrọ ìwé níwájú tábìlì rẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?

Lákòókò yẹn, ọmọbìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí dá mi dúró níwájú ilé ìkàwé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ orin uṣu yẹn?" Mo ní rárá, èmi kọ́. Ó wò mí dáadáa. "Màmá mi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ ni," ó wí, "mo kàn fẹ́ dúpẹ́ ni." Ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Mo dúró sójú kan náà títí tí mi ò fi rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, ojú sì tì mí ju ti orí ìtàgé lọ.

Mi ò gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́. Ìyá mi ló mú un jáde láti abẹ́ ìrọ̀rí mi ní ọ̀sán Sátidé kan, ó gbé e fún mi.

"Gbé e sí i, kí n gbọ́ ohun tó mú ọ."

Mo gbé e sí i. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí ọ̀gá bá ń pe ọ̀rọ̀ fún un láti tẹ̀. Ó bi mí ohun tí obìnrin náà ń sọ. Mo sọ fún un nípa ṣọ́ọ̀bù àti ọ̀gá tí kò mọ orúkọ òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ lọ wáṣẹ́, ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò gbọ́ Ifẹ̀ ẹnu òun, ó sì pe àwọn tó wà ní yàrá kejì pé kí wọ́n wá gbọ́. Ó ní kí òun tún un sọ. Òun tún un sọ, torí iṣẹ́ ni òun ń wá. Wọ́n gba òun sí iṣẹ́ náà; àwọn tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Láti ìgbà náà, ní gbogbo òwúrọ̀, ìròyìn orí rédíò ni òun fi ń kọ́ ẹnu, tí òun ń sọ ọ́ tẹ̀ lé wọn nínú balùwẹ̀.

Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo òwúrọ̀ tí mo ń gbọ́ tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú balùwẹ̀, mo rò pé àdúrà ni.

"Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín wà níwájú obìnrin yìí náà?" ó bi mí.

"Wọ́n wà, Màámi."

"Ó sì ń kọ ọ́ lọ."

"Ó ń kọ ọ́ lọ."

"Ó láyà," ó wí. Ó dìde, ó sì tún padà sọ pé, "Ṣùgbọ́n kò níṣẹ́ ìjọba."

Ẹgbẹ́ wa kò pẹ́ lẹ́yìn náà. Àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì onílù wa gbọ́ ohun tí à ń fi ìlù wọn ṣe, wọ́n ti ìlù náà mọ́lé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣì ń jókòó gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì tuntun tí ìbátan rẹ̀ kan ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, àwọn kan nínú wọn sì dára débi pé a máa ń dá wọn padà sí ìbẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ti parí. Àmọ́ bí mo bá padà sílé, Yorùbá ọ́fíìsì ló ń dúró dè mí.

Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí ewúrẹ́ aládùúgbò já wọ ẹ̀yìnkùlé wa. Ìyá mi ti gé ilá, ó sá a sórí àtẹ. Nígbà tí ó fi máa jáde, ewúrẹ́ ti kẹsẹ̀ iwájú méjèèjì bọ inú àtẹ, ó ń jẹ ẹ́ wọ̀mùwọ̀mù. Ìyá mi lọgun. Ifẹ̀ ló tú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ń ya bí omi tó fọ́ odi. Ó bú ewúrẹ́, ó bú ìyá ewúrẹ́, ó bú ẹni tó so ó tí kò so ó le. Ó ń sá tẹ̀ lé e yí kànga ká pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí ewúrẹ́ sá lọ, ó yíjú, ó rí mi. Àwa méjèèjì kò mọ ibi tí a máa gbé ojú sí.

"O ò gbọdọ̀ fi èyí kọrin o," ó wí, ní Ifẹ̀.

"Mi ò ní kọ ọ́, Màámi."

Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní kí n lọ tilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Títí ó fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, kò sọ èdè wa ní ọ́fíìsì rí, bí àlejò bá sì wọlé, á yí ohùn padà kíá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń ròyìn ewúrẹ́ yẹn fún mi bíi pé mi ò sí níbẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ń ṣa ilá tó ṣẹ́ kù, mi ò sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.